Dìlẹ̀mú Ẹ̀yìn Fèrèsé

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo máa ń tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Bí ilẹ̀kùn bá ṣàdédé pa dé, màá ti dìde. Bí fóònù bá dún láàárọ̀ kùtù, màá ti máa ronú aṣọ tí màá wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Níbi iṣẹ́ wa, Jìnnìjìnnì ni wọ́n ń pè mí, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ó ṣeé ṣe kí n má dáhùn. Mi ò bínú sí wọn. Ìfura loògùn àgbà, èmi kàn ń lo oògùn tèmi ju bí dókítà ṣe kọ ọ́ lọ ni.

Iṣẹ́ wa ni ká máa tọ́jú dìlẹ̀mú. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, igi ni, kì í ṣe koríko, ṣùgbọ́n igi tí kò fẹ́ dìde dúró ni. Ṣe ló ń fi àyà fà lórí ilẹ̀. Ewé rẹ̀ kéré, ó ki, ó ń dán, èso rẹ̀ sì pupa bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e wá láti ibì kankan, orí àwọn òkè yìí la bá a. Àwọn àgbà máa ń se ewé rẹ̀ mu bí ìtọ̀ bá ń ta wọ́n, díẹ̀díẹ̀ o, torí inú ẹni tó bá mu ún jù á sọ fún un. Àwọn oníṣẹ́ awọ máa ń rẹ awọ sínú omi rẹ̀, ẹyẹ sì ń jẹ èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ gbà wá síṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti gé ẹ̀gbẹ́ òkè kí ọ̀nà tàbí ilé lè ráyè, ibẹ̀ la máa ń gbìn ín sí, kí òjò má baà gbé ilẹ̀ lọ.

Èmi ni mò ń tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà. Màá na ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀, màá fi igi pàlàkà kàn án mọ́lẹ̀, màá bu erùpẹ̀ lé oríkèé rẹ̀, màá sì fi í sílẹ̀. Tó bá ta gbòǹgbò tirẹ̀ tán, mo gé e kúrò lára ìyá rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, a máa ń bomi rin ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ omi di ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run. Ó gbọ́dọ̀ jìyà díẹ̀. Òùngbẹ ló ń lé gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ lọ wá omi nísàlẹ̀, gbòǹgbò tó wọlẹ̀ yẹn ló sì ń di òkè mú. Dìlẹ̀mú tí wọ́n bá ń fún lómi lójoojúmọ́, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni. Á tutù yọ̀yọ̀ lókè, á yọ òdòdó, á nípọn bíi fóòmù, á sì wúwo, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ò ní gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ojú lásán wo òkè ká sọ pé ó dára. A máa ń kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ni. Wàá yí ọkọ́ po, wàá fi ẹrúkọ́ gún ilẹ̀ láàárín ewé, wàá dẹtí. Bó bá dún gbì, ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá dún póò, kó ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní gbogbo èyí. Òun ni ọ̀gá níbi iṣẹ́ wa. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni, ó máa ń bá ewé sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn òkè tí a gbin dìlẹ̀mú sí wà. Láti ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ dé ìdí òkè náà, gọ́tà kékeré kan ló là wọ́n láàárín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyàwó rẹ̀, kò jọ mí rárá. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa, òun ló sì gba gbogbo ìgboyà tó yẹ kí wọ́n pín fún àwa méjèèjì. Bí mo bá rí aláǹtakùn, òun ni màá pè. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló máa mú wọlé wá, á fi pa á. Àmọ́ ní ìparí òjò tó kọjá, ó já láti orí àkàbà níbi tó ti ń kọ́ kọ́tìnì, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Wọ́n fi irin so ó. Láti ìgbà náà ni kò ti lè dìde fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, igbe tó máa ké, àwọn ará ilé kẹta á gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, sí ojú fèrèsé, kó lè máa rí nǹkan tó yàtọ̀ sí àjà ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, dìlẹ̀mú máa ń sinmi, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè á rẹ̀ dòdò, á pọ́n bí aṣọ tó ti ṣá. Kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ò fara mọ́ kí ìyàwó òun máa jí wo ohun tó rẹ̀. Ó ri òpó irin kan sí ìdí òkè, ó so rọ́bà omi mọ́ ọn, ó fi ẹnu afọ́nmi sí i lórí. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, omi á máa fọ́n sára òkè náà bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Mo sọ ọ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kì í mumi."

"Mo mọ ohun tí mo kọ́ ẹ."

"Ṣé kò wá ní ṣe é ní nǹkan?"

"Títí ẹ̀gbọ́n rẹ á fi dìde ni." Ó ń tún rọ́bà náà so, kò wò mí. "Kò ní ẹsẹ̀ báyìí, Jìnnìjìnnì. Jẹ́ kó ní ohun tójú rẹ̀ máa wò."

Òkè náà tutù. Nígbà tí àwọn òkè yòókù gbẹ bí àkísà, tiwa yọ òdòdó funfun wẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń dúró lójú ọ̀nà wò ó. Níbi iṣẹ́, awakọ̀ wa, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, máa ń ní, "Ọ̀gá ń fẹ́ ìyàwó wọn ní tuntun." Bọ̀ọ̀dá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí a ti rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wa sì bá a yọ̀.

Lẹ́yìn náà òjò dé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti rọ̀ láti àná, ó dá díẹ̀ lówùúrọ̀, ojú ọ̀run sì tún ti ń ṣú. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án láti lọ fún ẹ̀gbọ́n mi lóúnjẹ, kí n sì nù ún lára. Mo bá a bó ṣe máa ń wà, ó kọjú sí fèrèsé. Mo kí i, ó dáhùn, àmọ́ kò yíjú sí mi.

Nígbà tí mo nù ún lára tán, ó ní, "Bá mi fa kọ́tìnì yẹn."

"Ẹ ò fẹ́ wo òdòdó yín mọ́?"

"Oòrùn ń bọ́ sí mi lójú."

Mo wo ìta. Oòrùn wo? Òkùnkùn ló fẹ́ bo ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí àṣejù tirẹ̀, mo fa kọ́tìnì. Bí mo ṣe fẹ́ gbé báálí omi jáde, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ìgbà wo ni ọkọ mi ń bọ̀?"

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé?"

"Mo kàn ń béèrè ni." Ó ṣe díẹ̀ kó tó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde láti da omi náà nù sínú gọ́tà. Bí mo ṣe tẹ̀ báyìí, mo rí omi kan tó ń ti ìdí òkè jáde. Kì í ṣe omi tó ń ṣàn láti orí ewé bọ̀, ihò kan tí mi ò rí rí ló ti ń yọ. Ó pọ́n, ó ki bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Erùpẹ̀ ló gbé dání. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Gọ́tà tí mo ti máa ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ bí mo bá ń gbá a, bàtà mi kan ò gba inú rẹ̀ mọ́. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé ẹrẹ̀ ló dí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ẹrẹ̀. Ìdí òkè fúnra rẹ̀ ló ti sún mọ́ ilé.

Mo mọ bí ẹ̀rù tèmi ṣe máa ń rí, ó máa ń dé wuruwuru bí àdìẹ tí wọ́n lé. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló dé jẹ́ẹ́.

Ọkọ́ kan wà lára ògiri. Mo yí i po, mo gún àárín ewé. Póò. Mo gun òkè díẹ̀, mo tún gún un. Póò. Mo ní bóyá etí mi ni. Mo lọ sí apá òsì, mo gún un jẹ́jẹ́, torí mi ò fẹ́ gbọ́ èsì. Póò.

Bọ̀ọ̀dá ti kọ́ mi pé bí ilẹ̀ bá dún báyẹn, èèyàn kì í dúró lórí rẹ̀. Èèyàn á dojú bolẹ̀ bí igi náà ṣe dojú bolẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ lè pín. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú omi, èmi tí mi ò lè wọ yàrá tó ṣókùnkùn láìképe èèyàn. Mo ya ewé sọ́tọ̀, mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ wọlé. Ìgúnpá wọlé. Èjìká mi kan ewé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí òdòdó, ìka mi ò sì kan ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn ní abẹ́ mi níbẹ̀, nínú òkùnkùn, jìnnà sí mi.

Mo fẹ́ ké. Mo rántí pé kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá gbọ́ igbe mi, kí ló máa fi sá? Mo bu ewé jẹ kí ẹnu mi lè dákẹ́. Ó korò bí ewúro. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lórí ikùn mi, gbogbo ewé náà sì ń mì lábẹ́ mi bí bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan gọ́tà, mo sáré.

Mo fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan. Mi ò lè dá gbé e. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun tí mo ń sọ ni, "Má tíì wó o, má tíì wó." Mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀.

Nínú ọgbà, Bọ̀ọ̀dá àti awakọ̀ ń kó ọmọ dìlẹ̀mú sẹ́yìn ọkọ̀. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ rí mi, ẹrẹ̀ láti orí délẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

"Jìnnìjìnnì! Kí ló tún dé? Ejò ni, àbí rọ́bà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ti sá fún rọ́bà omi rí lóòótọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Bọ̀ọ̀dá, òkè ẹ̀yìn ilé ti ṣófo lábẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi."

"Òkè wo?"

"Òkè yín!"

Ojú rẹ̀ le. Mi ò tíì rí i kó le sí mi rí. "Òkè tí mo fọwọ́ ara mi gbìn? Tó tutù tó yẹn?"

"Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò kan ilẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù..."

"Ẹ̀rù ń bà mí! Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bà mí, ẹ sáà máa bọ̀!"

Mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́. Mo rò pé torí kí n lè dákẹ́ lójú awakọ̀ ló ṣe wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí omi rọ́bà kì í dé, ó gún ilẹ̀. Gbì.

"Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ kàn án níbí, sí ojú fèrèsé."

"Mo ti kàn án."

"Ẹ kàn án níbí, Bọ̀ọ̀dá!" N kò jágbe mọ́ ọn rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó wá. Ó gún un. A jọ gbọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ọwọ́ tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ohun tó bọ́ sínú kànga. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, gbòǹgbò lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀, ó funfun, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó wò ó. Èmi náà wò ó. Òun ló mọ ìtumọ̀ gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ jù lọ nínú gbogbo wa.

"Ṣé o ti sọ fún un?" Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

"Rárá."

"Má sọ. Jọ̀ọ́. Má jẹ́ kó mọ̀ pé omi ni."

A wọlé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já sórí páànù, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Mo ti ń ronú ìjà tí ẹ̀gbọ́n mi máa bá wa jà, torí bí èèyàn bá fẹ́ sún un láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì lásán, ẹ̀bẹ̀ ni. Bọ̀ọ̀dá lóṣòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín kan tí mi ò fẹ́ rí mọ́ láyé mi.

"Ìyàwó mi, a fẹ́ gbé ẹ lọ sí ọgbà fúngbà díẹ̀. Wọ́n fẹ́ wá kun yàrá yìí."

Nínú òjò. Àwọn akunlé. Àní mo tijú fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó wo ẹrẹ̀ ara aṣọ rẹ̀, ó wo èmi tí mo ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé mi," ó ní. Kò béèrè nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀dì kò gba ẹnu ọ̀nà, inú yàrá ni wọ́n ti tò ó. A gbé e pẹ̀lú fóòmù. Awakọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú, Bọ̀ọ̀dá wà níbi orí, èmi di ẹ̀gbẹ́ mú. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo gbọ́ tí nǹkan kan já pẹ́ẹ́, bí okùn. Lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn já. Gbòǹgbò ni. Mo gbọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ọ. Níbi ìgun ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ò rí i yí, fóòmù ká, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gbá òpó ilẹ̀kùn, gbá gan-an. Mo di ojú mi, mo ń dúró de igbe náà. Kò ké. Nígbà tí mo la ojú, ó ti ki ìṣẹ́tí aṣọ ìbora sẹ́nu, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ṣe sí wa pé ká máa lọ, ká máa lọ.

A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, sáàárín àwọn ọmọ dìlẹ̀mú nínú ọ̀rá wọn. Mo fi tapólì bò ó. Awakọ̀ ti fò sídìí ọkọ̀. Mo wẹ̀yìn, Bọ̀ọ̀dá kò sí níbẹ̀. Ó ti bu igi pàlàkà kún ọwọ́, ó gbé òòlù, ó ń padà lọ sẹ́yìn ilé.

Mo sáré bá a, mo gbá a láṣọ mú. "Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Kí n kàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀. Kí n kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè dúró. Ó lè dúró."

Ọ̀gá mi ni o. Ẹni tó mọ ju gbogbo wa lọ ló fẹ́ fi igi pàlàkà kan òkè mọ́lẹ̀. Mo fà á, ó ń fà mí, bọ́tìnnì rẹ̀ já. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè lábẹ́ tapólì, ó sì fi ohùn tó ń lò kó tó já láti orí àkàbà pariwo.

"Ẹ fi òkè yẹn sílẹ̀! Kò ní gbọ́ tiyín!"

Bọ̀ọ̀dá dúró.

Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ fò. Mo ti rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dún bí àrá. Kò dún bẹ́ẹ̀. Ṣe ló dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya, aṣọ gígùn kan tí kò lópin. Lójú wa báyìí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà wá sílẹ̀ lódindi, ewé rẹ̀ lórí, òdòdó rẹ̀ lórí, kò kánjú. Ó tẹ òpó irin náà. Ó gba ojú fèrèsé wọlé. Páànù ẹ̀yìn ilé tẹ̀, ó sì jókòó. Lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó ti ilẹ̀kùn iwájú jáde síta, pẹ̀lú ìrọ̀rí ẹ̀gbọ́n mi lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Mi ò mọ bí mo ṣe dẹ́yìn ọkọ̀. Mi ò mọ ẹni tó fa Bọ̀ọ̀dá wọ ọkọ̀, wọ́n ní èmi ni.

Yàrá mi wà nínú ọgbà, lẹ́yìn ibi tí a ti ń po erùpẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì mi la gbé ẹ̀gbọ́n mi sí. Awakọ̀ lọ wá dókítà. Mo wá aṣọ gbígbẹ nínú àpótí mi. Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, kò wọlé. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó wọlé, ó di bẹ́ẹ̀dì mú láti ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Kí n sún ẹ sójú fèrèsé. Wàá lè máa rí àwọn ọmọ dìlẹ̀mú. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n dára." Kò gbójú sókè. "Omi ni o. Èmi ni mo fi omi bà á jẹ́. Mo fẹ́ kí o ní ohun tí wàá máa wò."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀..."

"Mi ò mọ gbòǹgbò. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀." Ó ń wo àjà. "Òpó irin yín yẹn, nígbà tí ẹ rì í, ẹ̀gbẹ́ irin fèrèsé ló wà lójú mi. Bí mo bá sùn gbalaja báyìí, mo máa ń rí i. Nígbà tó yá, ó lọ sẹ́yìn irin náà. Nígbà tó tún yá, ó yọ ní ìhà kejì. Mo rò pé ojú mi ni. Àmọ́ láti ìgbà tí òjò ti dé, ojoojúmọ́ ló ń rìn. Mo ń wò ó, kò sì sí ibi tí mo lè lọ."

Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo àkókò tí mo ń sá kiri fún rọ́bà àti aláǹtakùn, ẹ̀rù tó wà nínú yàrá yẹn tóbi ju gbogbo tèmi lọ. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi sá fún un nìkan ni kò ní.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" mo ní.

Ọkọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó ṣí omi, ẹ ó wọlé wá, ẹ ó dúró síbi orí mi. Ẹ ó ní, 'Ṣé o rí i bó ṣe rẹwà?' Ojú yín á máa dán. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo ń rí. Ṣé kí n wá sọ fún yín pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí?"

Bọ̀ọ̀dá ṣì di bẹ́ẹ̀dì mú. Omi ń kán láti ara aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kí lo wá fẹ́ máa wò?" ó béèrè, bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ògiri," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ògiri lásán."

Lẹ́yìn náà ó yí bẹ́ẹ̀dì náà padà jẹ́jẹ́, kó má baà dun ẹsẹ̀ rẹ̀, títí tó fi kọjú sí ògiri.